Bí A Ṣe Ń Tọ Ipa Òkèlè Kan Láti Ẹnu Títí Dé Ibi Tí Ó Ti Jáde Lára

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá tí wọ́n ń múra ìdánwò àṣejáde Báyọ́lọ́jì sílẹ̀ pé, iyán tí wọ́n jẹ ní àná, ibo ni ó gbà jáde lára wọn, àfàìmọ̀ kí púpọ̀ nínú wọn má sọ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ìdáhùn yẹn kò tọ̀nà, ibẹ̀ gan-an sì ni máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ̀wé. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú kábọ́ọ̀nù tí ó wà nínú iyán náà, imú ni ó gbà jáde. Náítírójìn inú ẹran tí wọ́n fi jẹ ẹ́, ìtọ̀ ni ó bá lọ. Ohun tí ó kù tí ó dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kàn gba inú ìfun kọjá ni, kò wọ inú sẹ́ẹ̀lì ara kankan.

Ohun tí ó fa àṣìṣe yìí kò ju pé a máa ń kọ́ dídà oúnjẹ ní ọ̀sẹ̀ kan, a ó kọ́ mímí ní ọ̀sẹ̀ mìíràn, ó sì lè tó oṣù kan kí a tó dé orí kíndìnrín, nítorí náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kó wọn sí orí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni pé ara ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n ti wá. Ọ̀nà tí mo fẹ́ tọ́ka sí níhìn-ín ni pé kí ẹ mú òkèlè iyán kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ègé ẹran tí ó bá a rìn, kí ẹ sì tọ ipa rẹ̀ láti ẹnu lọ, kí ẹ máa fi ọwọ́ ara yín dán ohun tí ìwé sọ wò ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ alápatà. Ẹ ra kíndìnrín ewúrẹ́ tàbí ti àgùntàn méjì, ègé fùkù kékeré kan, àti ègé ẹ̀dọ̀ kan tí ó tó bí i rẹ̀. Bí alápatà náà bá lè bá yín tọ́jú òróòro sínú ìgò láìbẹ́, ẹ gbà á. Ẹ má ra kíndìnrín màlúù, bí ó tilẹ̀ tóbi tí ó sì dà bí ẹni pé yóò rọrùn láti wò: ti màlúù ṣe kókó-kókó ní gbogbo ara, nígbà tí ti ewúrẹ́ àti ti àgùntàn ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí ẹ̀wà, gẹ́gẹ́ bí ti ènìyàn. Ní yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì, ẹ ó nílò omi áyódíìnì, omi Benedict, omi Biuret, àti omi láìmù. Omi láìmù tí mo wí kì í ṣe omi ọsàn wẹ́wẹ́ o. Omi tí a po calcium hydroxide sí, tí a sì sẹ́ títí ó fi mọ́ gaara ni.

Ní ẹnu

Itọ́ ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ àmì ohùn rẹ̀ dáadáa, nítorí itọ́ ni ti ẹnu, ìtọ̀ sì ni ti àpò ìtọ̀. Ẹ fi omi ṣan ẹnu kí èérún oúnjẹ lè kúrò, lẹ́yìn náà kí ẹ mú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ sí ẹnu fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì tú u sínú ife mímọ́. Itọ́ ara ẹni ni kí olúkúlùkù lò, kí ó sì fọ ohun èlò rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí àrùn lè ti inú itọ́ ẹnì kan ran ẹlòmíràn.

Sítáàṣì ni olórí èròjà inú iyán, ṣùgbọ́n iyán fúnra rẹ̀ ki jù fún àyẹ̀wò yìí. Ẹ wọn gíráàmù 1 sítáàṣì, ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó, kí ẹ dà á sínú omi híhó tí ó tó 100 cm³, kí ẹ sì máa rò ó títí yóò fi mọ́ díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tutù kí ẹ tó lò ó. Ẹ pín in sí túùbù mẹ́ta, 5 cm³ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi itọ́ 1 cm³ sí túùbù kìíní. Ẹ se itọ́ mìíràn títí yóò fi hó, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ fi 1 cm³ rẹ̀ sí ìkejì. Omi lásán 1 cm³ ni kí ẹ fi sí ìkẹta. Ẹ to túùbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú omi tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 37°C, èyí tí í ṣe ìgbóná ara ènìyàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kán áyódíìnì sí orí abọ́ funfun ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, kí ẹ sì máa mú ẹ̀kán kan láti inú túùbù kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan kí ẹ máa dà á pọ̀ mọ́ ọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ni yóò dúdú bí aró. Bí àkókò ti ń lọ, ti túùbù kìíní yóò máa pọ́n rúsúrúsú, títí áyódíìnì yóò fi dúró ní àwọ̀ ara rẹ̀, tí kò ní yí padà mọ́. Ti ìkejì àti ìkẹta yóò máa dúdú bí ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ wá mú díẹ̀ nínú túùbù kìíní, ẹ fi omi Benedict sí i, kí ẹ gbé e sínú omi híhó: yóò pọ́n bí bíríkì, èyí tí ó fi hàn pé ṣúgà ti wà níbẹ̀. Ẹ má fi ti áyódíìnì mọ sí ibẹ̀ o, nítorí pé áyódíìnì lè sọ fún wa pé sítáàṣì ti tán, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí ó dà.

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ bí ẹ bá ń kọ àbájáde yìí. Èkíní, maltose ni ṣúgà tí amylase, ẹ́ńsáìmù inú itọ́, ń sọ sítáàṣì dà, kì í ṣe gúlúkóòsì. Inú ìfun kékeré ni maltose ti ń di gúlúkóòsì. Èkejì, ẹ má ṣe kọ ọ́ pé ooru “pa” ẹ́ńsáìmù inú túùbù kejì. Ẹ́ńsáìmù kò ní ẹ̀mí tí a lè gbà. Purotéènì ni, ooru sì ti ba bí a ṣe ká a jẹ́, tí sítáàṣì kò fi lè wọ ibi tí ó yẹ kí ó wọ̀ lára rẹ̀ mọ́. Èmi kì í fún ẹni tí ó bá kọ “pa” ní máàkì ibẹ̀, ọ̀pọ̀ olùdánwò ni kò sì ní fún un. Bí túùbù kìíní bá ṣì dúdú lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ wo bóyá omi tí ẹ gbé e sí ti gbóná jù tàbí ti tutù jù. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹlòmíràn lo itọ́ tirẹ̀, nítorí amylase itọ́ kì í pọ̀ bákan náà lẹ́nu gbogbo ènìyàn.

Ní àpòlúkù àti ìfun

Iṣẹ́ amylase itọ́ kì í pẹ́, nítorí ásíìdì inú àpòlúkù, tí pH rẹ̀ wà ní nǹkan bí 2, ni yóò dá a dúró. Ègé ẹran wa ni iṣẹ́ kàn níbẹ̀. Pepsin ni ẹ́ńsáìmù tí ń gé purotéènì rẹ̀, ásíìdì yẹn gan-an ni ó sì bá a lára mu. A mọ púpọ̀ nínú èyí nípasẹ̀ jàǹbá kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní erékùṣù Mackinac ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1822, níbi tí ìbọn ti ba ọmọ Kánádà kan tí ń jẹ́ Alexis St. Martin. Ọgbẹ́ náà jinná, ṣùgbọ́n ihò tí ó já sínú àpòlúkù rẹ̀ kò dí mọ́. Dókítà ọmọ ogun tí ó tọ́jú rẹ̀, William Beaumont, a máa fi okùn sílíìkì so ẹran, a tì í gba ojú ihò náà wọlé, a sì fà á jáde lẹ́yìn wákàtí mélòó kan láti wo ibi tí ó dà dé. Ó mú nínú omi àpòlúkù náà sínú ìgò pẹ̀lú, ó sì rí i pé ó ń da ẹran níbẹ̀ láìsí ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ẹ fi túùbù mẹ́ta ṣe lẹ́ẹ̀kan ni ọ̀gbẹ́ni yìí fi ara ènìyàn ṣe fún ọdún bí mélòó kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lóde òní, kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí yóò fún un láyè.

Ẹ̀gúsí àti epo ni ó kù. Ẹ da omi sí túùbù méjì, kí ẹ kán òróró sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi òróòro ewúrẹ́ díẹ̀ sí ọ̀kan nínú wọn. Ẹ gbọn méjèèjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró. Òróró inú túùbù tí kò ní òróòro yóò tún kóra jọ sókè lójú ẹsẹ̀. Ti ìkejì yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́, omi náà kò sì ní mọ́ gaara mọ́. Bí kò bá sí òróòro, omi ọṣẹ yóò ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ẹ rántí pé kò sí ẹ́ńsáìmù nínú òróòro. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe é, inú àpò rẹ̀ ni ó ń dúró sí, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti fọ́ ọ̀rá sí wẹ́wẹ́ kí lipase tí ó ti inú pancreas wá lè rí ojú púpọ̀ gé.

Inú ìfun kékeré, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 6, ni dídà oúnjẹ ti ń parí, ibẹ̀ náà ni gbígbà á sínú ara ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan tówẹ̀lì onírun: bẹ́ẹ̀ ni inú ìfun náà ṣe rí, irun kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ni villus kan. Gúlúkóòsì àti amino acid, èyí tí purotéènì dà, ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, iṣan hepatic portal sì ń gbé wọn lọ tààrà sí ẹ̀dọ̀. Ọ̀rá ń gba ọ̀nà mìíràn, inú lacteal, ọ̀pá tín-ín-rín tí ó wà láàárín villus, ni ó ń bá lọ. Okùn-okùn inú iṣu tí ẹ́ńsáìmù wa kò lè gé ń bá tirẹ̀ lọ sí ìfun ńlá, níbi tí a ti ń fa omi tí ó kù lára rẹ̀, ó sì di ìgbẹ́. Orúkọ tí ẹ ó kọ fún jíjáde rẹ̀ nínú ìdánwò ni egestion, kì í ṣe excretion, tí í ṣe yíyọ ìdọ̀tí tí ara fúnra rẹ̀ ṣe. Ohun tí ó yàtọ̀ níbẹ̀ ni àwọ̀ ìgbẹ́ náà, nítorí inú ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó ti gbó, tí ara ń fọ́, tí ẹ̀dọ̀ sì ń dà jáde pẹ̀lú òróòro, ni àwọ̀ yẹn ti wá. Ìyẹn jẹ́ excretion nínú rẹ̀.

Ní ẹ̀dọ̀fóró àti nínú sẹ́ẹ̀lì

Ẹ mú abọ́ omi kan, kí ẹ sọ ègé ẹ̀dọ̀ àti ègé fùkù sí i papọ̀. Ẹ̀dọ̀ yóò rì, fùkù yóò léfòó. Àwọn tí wọ́n ń se ẹran mọ èyí tipẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà béèrè ìdí rẹ̀: afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú àìmọye àpò tín-ín-rín tí a fi ṣe fùkù náà, bí ẹranko náà tilẹ̀ ti kú. Bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ nínú omi, ẹ ó rí i tí ó ń yọ ìfófòó. Irú àpò bẹ́ẹ̀ tí ó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn tó nǹkan bí mílíọ̀nù 300, ògiri wọn kò nípọn ju sẹ́ẹ̀lì kan lọ, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín sì ká wọn mọ́.

Fún àyẹ̀wò èémí, ẹ da omi láìmù sí túùbù méjì. Ẹ fi sírínjì fa afẹ́fẹ́ inú yàrá, kí ẹ sì tì í sínú túùbù kìíní, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ fi sítírọ́ọ̀ fẹ́ èémí yín sínú ìkejì, kí ẹ ṣọ́ra kí ẹ má fà á sí ẹnu, nítorí ó lè bó ẹnu. Ìkejì yóò funfun bí omi ògì láìpẹ́, nígbà tí ìkíní yóò ṣì mọ́. Ọ́ksíjìn inú afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú jẹ́ nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún, ti èyí tí a ń mí síta sì jẹ́ nǹkan bí 16; carbon dioxide kúrò ní nǹkan bí ìdá 0.04, ó sì di nǹkan bí 4. Nígbà tí omi náà bá ti funfun, ẹ dáwọ́ dúró. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń fẹ́ ẹ lọ títí omi náà fi tún mọ́, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò sí carbon dioxide nínú èémí òun. Calcium carbonate tí ó sọ omi náà di funfun ni carbon dioxide tí ó pọ̀ jù ti sọ di ohun tí ń yọ́ sínú omi.

Nínú ọ̀rọ̀ wa ojoojúmọ́, mímí ni mímí, ó parí. Nínú Báyọ́lọ́jì, a gbọ́dọ̀ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Mímí ni bí egungun ìhà àti iṣan dáyáfúrámù ṣe ń fẹ àyà tí wọ́n sì ń dín in kù kí afẹ́fẹ́ lè wọlé kí ó sì jáde. Respiration ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, ní mitochondria, ilé agbára inú sẹ́ẹ̀lì, níbi tí a ti ń fi ọ́ksíjìn tú gúlúkóòsì iyán wa palẹ̀ láti rí agbára:

C₆H₁₂O₆ + 6O₂ → 6CO₂ + 6H₂O + agbára

Ẹ ka kábọ́ọ̀nù mẹ́fà tí ó wà lọ́wọ́ òsì, kí ẹ sì wá wọn lọ́wọ́ ọ̀tún. Inú carbon dioxide ni gbogbo wọn lọ. Èyí ni mo fi sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé imú ni iyán gbà jáde. Respiration lè wáyé láìsí mímí rárá, bí ẹ bá wo ìfófòó tí ń hó lórí ẹmu tuntun: ìwúkàrà inú rẹ̀ ń tú ṣúgà palẹ̀ láìlo ọ́ksíjìn, carbon dioxide ni ìfófòó náà, ọtí ni ohun tí ó kù. Nínú iṣan ẹsẹ̀ ẹni tí ó sáré dé góńgó, lactic acid ni a máa ń rí dípò ọtí.

Ní kíndìnrín

Ara kò lè kó amino acid tí ó bá ṣẹ́kù pamọ́ bí ó ṣe ń kó ọ̀rá pamọ́. Ẹ̀dọ̀ a yọ apá tí ó ní náítírójìn kúrò lára rẹ̀, a sì sọ ọ́ di urea. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe urea o. Iṣẹ́ kíndìnrín ni láti yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa gbé iṣẹ́ méjèèjì fún kíndìnrín.

Ẹ bó ọ̀rá àti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo kíndìnrín yín, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀pá funfun tí ó yọ láti ibi tí ó tẹ̀ wọnú sílẹ̀, ureter ni. Ẹ tẹ́ kíndìnrín náà ní ẹ̀gbẹ́, ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé e láti ibi tí ó yọ síta wá sí ibi tí ó tẹ̀ wọnú, kí ẹ sì ṣí i bí ìwé. Apá òde tí ó pọ́n dúdú ni cortex, apá inú tí ó ní ìlà-ìlà ni medulla, àfo funfun tí ureter ti bẹ̀rẹ̀ ni pelvis. Nínú àwòrán ìwé, ẹ ó rí pyramid bí mélòó kan tí ẹnu wọn ṣe ṣónṣó, nítorí kíndìnrín ènìyàn ni wọ́n yà. Nínú ti ewúrẹ́, wọ́n ti lẹ̀ papọ̀ di òkè gígùn kan ṣoṣo. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ yà. Pẹ́ńsùlù HB ni kí ẹ lò, kí ìlà yín jẹ́ ẹyọ kan tí kò já, ẹ má kùn ún, ẹ fi rúlà fa ìlà orúkọ láìjẹ́ kí wọ́n gba orí ara wọn kọjá, kí ẹ sì kọ àkọlé àti iye ìgbà tí àwòrán yín fi tóbi ju kíndìnrín náà lọ.

Ojú lásán kò lè rí nephron, ọ̀pá tín-ín-rín tí ń ṣe iṣẹ́ kíndìnrín, bẹ́ẹ̀ ó tó mílíọ̀nù kan nínú kíndìnrín ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ lóye rẹ̀, ẹ má ronú asẹ́ ògì nìkan, nítorí asẹ́ jẹ́ ìdajì iṣẹ́ náà. Ní glomerulus, ìdì iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tí ó wà ní orí nephron, agbára ẹ̀jẹ̀ a ti omi, gúlúkóòsì, iyọ̀, amino acid àti urea gba ojú asẹ́ kọjá sínú Bowman's capsule, ife tí ó yí i ká, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àti purotéènì ńlá a sì kù sẹ́yìn. Ohun tí ó ń sẹ́ jáde báyìí nínú ọjọ́ kan tó nǹkan bí lítà 180, èyí tí ó lé díẹ̀ ní kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méje. Ta ni ó ń tọ kẹ́ẹ̀gì méje? Lítà 1 sí 2 ni a ń tọ̀. Ìdajì kejì iṣẹ́ náà ni pé bí omi yìí ti ń gba inú ọ̀pá nephron lọ, a ń gba ohun tí ó wúlò padà sínú ẹ̀jẹ̀: gbogbo gúlúkóòsì, gbogbo amino acid, omi tí ó pọ̀ jù lọ. Bí oòrùn bá pa wá tí a kò sì mumi, ọpọlọ a tú ADH, họ́mọ́ònù tí ń sọ fún kíndìnrín pé kí ó gba omi padà, púpọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, a ó gba omi púpọ̀ sí i padà, ìtọ̀ a sì pọ́n. Òógùn ara náà ń kó iyọ̀ àti urea díẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pàtàkì rẹ̀ ni láti mú ara tutù.

Orúkọ tí Yorùbá fún àrùn àtọ̀gbẹ sọ gbogbo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí gbígbà-padà yìí kò bá ká iṣẹ́ rẹ̀: à-tọ̀-gbẹ. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ ju èyí tí nephron lè gbà padà lọ, èyí tí ó ṣẹ́kù a di omi mú sínú ọ̀pá náà, aláìsàn a máa tọ̀ léraléra, òùngbẹ a sì máa gbẹ ẹ́.

Ẹ má fi ìtọ̀ gidi ṣe àyẹ̀wò èyí nínú kíláàsì. Kí ẹnì kan po omi lásán sínú ife A, kí ó fi gúlúkóòsì sí ti B, kí ó fi funfun ẹyin díẹ̀ sí ti C, kí ó sì fi orúkọ wọn pamọ́ fún àwọn yòókù. Ẹ fi Benedict àti Biuret dán ife kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tí ó pọ́n bí bíríkì ni “ìtọ̀” alátọ̀gbẹ, asẹ́ rẹ̀ kò ní àlébù, gbígbà-padà ni kò tó. Èyí tí ó di àwọ̀ àlùkò pẹ̀lú Biuret ní purotéènì nínú, purotéènì ńlá kò sì gbọ́dọ̀ gba ojú asẹ́ kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀: ìṣòro ti ẹni yìí wà ní glomerulus fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni kí ẹ fi ìlà tọ́ka sí lórí àwòrán nephron yín nígbà tí ẹ bá ń kọ ìdáhùn.